Fóònù Ń Dún Lórí Tábìlì: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó wà n'Ìbàdàn,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ọmọ ọlọ́mọ. Agbẹ̀bí ni mí. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ni mo wà báyìí, lẹ́yìn tí mo ti ṣiṣẹ́ kiri ìgboro Ìbàdàn fún ọdún pípẹ́. Ọdọọdún lẹ ń fi àwọn ọmọ yín ránṣẹ́ sí wa kí wọ́n wá fojú rí iṣẹ́. Wọ́n á dé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù tí sítáàṣì ti mú le, bàtà wọn á máa dán, ìwé pélébé á wà lápò wọn. Mo fẹ́ràn wọn, ẹ sì kọ́ wọn dáadáa. Wọ́n mọ BP wọ̀n, wọ́n mọ abẹ́rẹ́ gún, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wá orí ọmọ nínú ikùn ìyá rẹ̀. Àmọ́ tí fóònù ilé ìwòsàn bá dún, ńṣe ni wọ́n á máa wojú ara wọn, ta ni yóò gbé e.

Nítorí fóònù yẹn ni mo ṣe kọ ìwé yìí.

Kì í ṣe nǹkan ńlá o. Fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì ni, rọ́bà la fi de ẹ̀yìn rẹ̀ kí bátìrì má baà yọ. A kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri níbi tí àwọn aboyún ń jókòó sí, wọ́n sì ti dà á kọ lọ sílé, wọ́n ti fún ìyàwó àbúrò wọn, wọ́n ti fún ẹni tí wọ́n jọ ń tajà lọ́jà Òjé. Nínú ìpè tó ń wọlé, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fíláàṣì wa: ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní, "Mà, wọ́n ti gé e." Wọn ò gé e. Obìnrin tí kò ní káàdì lórí fóònù ló ń ké sí wa, ó ń retí ká pe òun padà. Ẹni tí kò mọ̀ pé fíláàṣì jẹ́ igbe kò tí ì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé àwọn ọmọ yín nìkan ni mò ń bá wí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni, àsìkò Kòrónà, nígbà tí wọ́n fòfin dè wá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí onílé ó gbélé láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Ọsibítù mìíràn ni mo wà nígbà náà, mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tiwọn. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè láti ọ̀nà Akanran. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn." Mo béèrè iye oṣù tí oyún wà. Ó ní oṣù kẹjọ. Ṣé wọ́n ń rí ẹ̀jẹ̀? Ó ní rárá. Ṣé ọmọ ń yí? Ó ní ó ń yí. Mo ní kí wọ́n lo Panadol méjì, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n máa bọ̀ láàárọ̀ tí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà. Ó dúpẹ́, ó súre fún mi pé mi ò ní í ráhùn ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Aago mẹ́rin ìdájí, gìrì mú obìnrin náà. Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e dé, òun láàárín, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó pè mí yẹn lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra. BP rẹ̀ jẹ́ 180 lórí 120. A gún un ní magnesium, abẹ́rẹ́ tó ń dá gìrì dúró, a ṣe gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe. A rí ìyá gbà. A ò rí ọmọ gbà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tún ìpè yẹn gbọ́ létí ara mi. Kí ni mi ò béèrè? Mi ò béèrè bóyá ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tàbí ó ń rí nǹkan tó ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì. Mi ò béèrè bóyá òkè ikùn ń dùn ún, lábẹ́ egungun ìhà. Mi ò béèrè bóyá ojú ti wú, bóyá òrùka kò bọ́ lọ́wọ́ mọ́. Àmì ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni gbogbo wọn, mo sì mọ̀ wọ́n. Tó bá jẹ́ pé ó jókòó síwájú mi ni, mi ò bá ti rí ojú tó wú náà kó tó la ẹnu, mi ò bá sì ti fi aṣọ BP wé e lápá kí n tó kí i tán. Ọwọ́ mi àti ojú mi ni wọ́n kọ́ níléèwé. Wọn ò kọ́ etí mi.

Èyí tó tún ń dùn mí jù ni ti "ọmọ ń yí" yẹn. Ọkùnrin tó dúró síta gbangba, tó ń wá ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà, ló dá mi lóhùn pé ọmọ ń yí nínú ikùn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Báwo ló ṣe mọ̀? Kò mọ̀. Ó fẹ́ kọ́rọ̀ náà dára ni. Ẹ̀rí ẹni tí nǹkan kò ṣe ni mo gbà, mi ò sì sọ pé, "Ẹ gbé fóònù fún un, ẹ jẹ́ n gbóhùn rẹ̀." Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré.

Èdè wa náà tún ń fi nǹkan pa mọ́ fún wa lórí fóònù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Yorùbá pé ṣé dáadáa ni, "a dúpẹ́" ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí ìyàgbẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ omi ara rẹ̀ tán á ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nínú wọ́ọ̀dù, kò séwu, ojú rẹ̀ tó ti jìn wọnú ń bá yín sọ òótọ́. Lórí fóònù, "a dúpẹ́" yẹn nìkan lẹ ní. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti jẹ́ kí ìkíni kọjá tán, torí ẹni tí kò bá kí èèyàn kò ní í rí ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu wọn, kí wọ́n wá padà béèrè bí ẹni pé ìkíni kò wáyé rí: "Mo gbọ́ pé ẹ dúpẹ́ o, Màmá. Ó yá, kí ló ń ṣe yín gan-an?"

"Ibà" ńkọ́? Orí fífọ́ ni ibà, ara ríro ni ibà, ó rẹ̀ mí ni ibà, mo ti rí ẹni tí ìbànújẹ́ ń jẹ lọ́kàn tó ní ibà ló ń ṣe òun. "Inú ń run mí" náà lè jẹ́ ibikíbi láti abẹ́ ọmú dé ìdí. Mo máa ń ní kí ẹni náà fi ìka kan ibẹ̀, kó wá sọ ohun tí ìka náà wà nítòsí rẹ̀ fún mi: ṣé ìdodo ni, àbí egungun ìhà, àbí ibi tí wọ́n ń so ìró mọ́? Ibi ìró yẹn wúlò gan-an ni. Kò sóbìnrin tí kò mọ ibi tó ń so ìró mọ́.

Àti "wọ́n". "Wọ́n ní ó ń ta àwọn." Ta ni wọ́n? Ìyá àgbà ni, àbí ìyá àti ọmọ tí wọ́n jọ jẹ ẹ̀wà alẹ́ àná? Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ẹni kan sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹni mẹ́rin ló ń bì nínú ilé náà.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọdún tó kọjá fún yín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín jókòó tì mí nígbà tí ìyá kan pè láti abúlé kan lẹ́yìn Mọníyà. Ọmọ rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ọmọ ń mí "kíákíá". Kíákíá ti ta ni? Ìyá tí ẹ̀rù ń bà, gbogbo nǹkan ló ń yára lójú rẹ̀. Mo ní kó tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kó ṣí aṣọ rẹ̀ dé ìdodo, kó fi fóònù sí sípíkà, kó sì máa sọ "ó gòkè" ní gbogbo ìgbà tí ikùn ọmọ bá gòkè. Mo gbójú lé aago ara ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀: ó gòkè, ó gòkè, ó gòkè. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń fi bírò sàmì sínú ìwé pélébé rẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan pé, a kà á, ó jẹ́ 68. Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù méjì, tó bá ti dé 60, ó ti kọjá àwàdà. Mo ní kó fi ọmú sí i lẹ́nu, ó ní kò gbà á. Mi ò tún bi í ní nǹkan kan mọ́ nípa àìsàn. Mo bi í nípa ọ̀kadà: ta ló ní in ládùúgbò, kí ni nọ́ńbà rẹ̀? Mo ní kó gbé ọmọ sáyà, awọ ara sí awọ ara, kó fi aṣọ bò ó. Mo ní kó tún gbogbo ẹ̀ sọ fún mi. Ó tún un sọ, ó gbàgbé ti awọ ara, mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọsibítù tí wọ́n ń lọ, mo sọ ohun tó ń bọ̀ fún wọn, kí wọ́n má lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá káàdì ìforúkọsílẹ̀ nígbà tó bá dé. Ní ogún ìṣẹ́jú, mo tún pe ìyá náà. Ó ti dé oríta Mọníyà.

Ọmọ yín wo ìwé rẹ̀. Ó ní, "Mà, mo mọ 60 yẹn tẹ́lẹ̀ o. Ọgọ́ta fún ọmọ tí ò tí ì pé oṣù méjì, àádọ́ta tí ò bá tí ì pé ọdún kan, ogójì títí dé ọdún márùn-ún. Wọ́n kọ́ wa. Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè fetí kà á ni."

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, òun gan-an ni mò ń sọ. Ẹ ti kọ́ wọn ní ìmọ̀. Ẹ ò tí ì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbé e gba inú fóònù kọjá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ, torí mo ti gbọ́ ọ níbi ìpàdé: nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn. Òótọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nígbà tí wọ́n gbé ìlànà jáde lórí ìtọ́jú orí ẹ̀rọ lọ́dún 2019, fẹnu kò sí i pé kí ó máa ran ìfojúkojú lọ́wọ́ ni, kó má gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ kọ́ wọn. Ẹni tí wọn ò kọ́ ló máa ń fi fóònù dípò ìbẹ̀wò, bí mo ti ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n kọ́ á mọ ìgbà tó yẹ kó dá ọ̀rọ̀ dúró, kó ní, "Ẹ má tún sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ máa bọ̀ nísinsìnyí."

Ti fídíò rọrùn lójú, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Gílóòbù pupa inú yàrá máa ń mú kí gbogbo ọmọ tuntun dà bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ẹ kọ́ wọn pé kí ìyá gbé ọmọ lọ sẹ́nu fèrèsé lójúmọmọ, kó ṣí ojú ọmọ, kó jẹ́ kí wọ́n rí funfun ẹyinjú àti ẹran ìdí eyín. Ara dúdú wa kì í tètè sọ̀rọ̀ lórí kámẹ́rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 fi hàn pé ó máa ń gbé nọ́ńbà àwọn aláwọ̀ dúdú ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹ̀rọ bá ní 94, tó dà bíi pé kò burú, tí Bàbá kò sì lè parí gbólóhùn kan láìmí lẹ́ẹ̀mejì, gbólóhùn yẹn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà gbọ́.

Àwòrán wá ńkọ́? Wọ́n á ya egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kan fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ìyẹn dáa. Ó ku ibi tó máa sùn. Mo ti rí i lórí fóònù ọmọ kan, láàárín àwòrán ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ti bùrẹ́dì kan. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tó gbẹgẹ́. Fóònù tí gbogbo ará ilé ń lò kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ń kọ èsì àyẹ̀wò HIV ránṣẹ́ sí. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ fún obìnrin tó bá gbé fóònù ni, "Ṣé ẹ lè sọ̀rọ̀ níbi tẹ́ ẹ wà?" Tí ìyá ọkọ bá wà nítòsí, kò ní í dárúkọ abẹ́. Ẹ béèrè èyí tó lè fi bẹ́ẹ̀ ni àti rárá dáhùn.

Àwọn ọmọ tó ti já pa tún ti wọ̀ ọ́. Ọmọ á pè láti Kánádà, á ní kí n sọ BP ìyá òun ní Mọ́kọ́lá fún òun, òun ló ń sanwó oògùn. Màmá sì ti sọ fún mi pé, "Ẹ má sọ fún un o, kò ní í sùn." Ta ni mo máa dá lóhùn? Mo mọ ìdáhùn tèmi, Màmá ló lara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tó gbé fóònù yẹn, kò tí ì sẹ́ni tó bá a jókòó lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. (Ti òkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn gbangba: a kì í túfọ̀ lórí fóònù. "Ẹ máa bọ̀, ẹ mú ẹnì kan dání" ti tó.)

Ìbàdàn kọ́ ló yẹ kó bẹ̀rù irú èyí. Níbí ni wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ sáfẹ́fẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní 31 oṣù kẹwàá 1959. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá, kí wọ́n lọ gbé láàárín àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n rí bí àìsàn ṣe rí nílé aláìsàn. Èmi gbà pé fóònù náà ń gbé èèyàn wọlé aláìsàn, tétí bá là. Ẹ ó gbọ́ ewúrẹ́, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́yìn nígbà tí ẹni tó pè ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ nílé.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní owó nínú. Kò di dandan kẹ́ ẹ ra kọ̀ǹpútà kan. Ẹ gbé àga méjì kẹ̀yìn síra, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sórí ọ̀kan, kí olùkọ́ tàbí màmá tó ń tajà lẹ́nu géètì yín jókòó sórí èkejì, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìrí ojú ara wọn. Màmá yẹn á ṣe é dáadáa ju olùkọ́ lọ. Ẹ ní kó máa sọ a dúpẹ́. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ sí wọn létí. Ẹ gé ìpè náà láàárín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọmọ náà ti gba nọ́ńbà àti àdúgbò kó tó gba àmì àìsàn, torí káàdì máa ń tán níbi tọ́rọ̀ bá ti dùn. Nígbà ìdánwò, lára àwọn tábìlì OSCE tẹ́ ẹ máa ń tò, ìyẹn ìdánwò ìfọwọ́ṣe, ẹ gbé fóònù sórí ọ̀kan, láìsí bèbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ́ ohun tí kò sí nínú ìdánwò, ẹ̀yin náà mọ̀, àwa náà kò kọ́ ọ nígbà tiwa.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ ìwé ìpè pẹ̀lú. A ní ọ̀kan, ìwé ńlá eléèpo líle, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ti 2020: aago, nọ́ńbà, ẹni tó pè, ẹni tó ń ṣàìsàn, ohun tí mo sọ, ìgbà tí mo pè padà. Lójú ewé àkọ́kọ́, mo kọ ti obìnrin ọ̀nà Akanran sílẹ̀ bí mo ṣe rántí rẹ̀. Níbi tí mo ti kọ ẹni tó ń ṣàìsàn, kò sí orúkọ. Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀ lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tó ń kọ́ àwọn onífisiọ́, àwọn tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún máa rìn, àti àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà náà. Ẹni tó ń wo bí alárùn rọpárọsẹ̀ ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lórí fídíò nílò kí wọ́n kọ́ ọ níbi tí wọ́n ń gbé fóònù sí kí orúnkún lè hàn. Ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn jù mí lọ, n kò ní í gba iṣẹ́ yín ṣe.

Fóònù olótọ́ọ̀ṣì méjì tí a ti lò gbó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, wọ́n ṣì ń dún. Mo fẹ́ fi wọ́n tọrẹ fún ilé ẹ̀kọ́ tó bá kọ́kọ́ fẹ́ gbìyànjú ti àga méjì yẹn, mo sì lè wá jókòó sórí ọ̀kan kí n ṣe ìyá ọkọ. Ọjọ́rú ni mi ò kì í sí ní kìlíníkì aboyún. Nọ́ńbà wa wà lára ògiri, àwọn ọmọ yín ti dà á kọ. Tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ fíláàṣì mi, n ó pè yín padà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Agbẹ̀bí kan ní Akínyẹlé, Ìbàdàn